Atọ́wò-má-rà: Ọ̀rọ̀ lórí Orúkọ Ọjọ́ Márùn-ún àti Òfin Ọjọ́ Méje Wa

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ìsípẹ́kítọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bá àwọn akọ̀wé àti akápò sọ níbi ìpàdé àjọ wa, ṣáájú ìdìbò lórí àbá ìdápadà ọjà.)

 

Nígbà tí akọ̀wé àgbà ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àbá tó wà nílẹ̀, èyí tó ní kí a yọ òfin ọjọ́ méje kúrò pátápátá nínú ìwé òfin wa, mo gbà fún un, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n gba ọ̀nà ibòmíràn wọ ọ̀rọ̀ náà. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ òfin ọjọ́ méje ti di ìjà láàrin wa. Bí ènìyàn bá ti la ẹnu báyìí, wọn á ní ó ń gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Nítorí náà n ó mú yín lọ síbi tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò ti ní ẹbí tàbí ọ̀tá, níbi tí irú ìjà yìí gan-an ti ṣẹlẹ̀, tí wọ́n sì ti parí rẹ̀. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni, ọdún 2009 ni wọ́n sì tó yanjú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣe àlàyé díẹ̀ fún àwọn bàbá àti ìyá wa. Gbogbo ohun tí àwọn ọmọ wa ń ṣí wò lórí fóònù, ìbáà jẹ́ ilé ìtajà, ìbáà jẹ́ báǹkì, ìbáà jẹ́ ìwé ìròyìn, ló ní orúkọ tí a ó tẹ̀ kí a tó lè débẹ̀. Orúkọ náà dà bí nọ́ńbà ojúlé. Ó máa ń ní ìparí, bí i .com, tàbí .org, tàbí .ng tí í ṣe ti orílẹ̀-èdè wa. Àwa alájẹṣẹ́kù náà ní tiwa. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2000 ni wọ́n fọwọ́ sí ìparí tuntun méje, .coop sì wà lára wọn. Àwọn alájẹṣẹ́kù ni wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún. (Mo mọ̀ pé a kò tíì máa lò ó bó ṣe yẹ. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

Ẹnikẹ́ni kì í ra orúkọ wọ̀nyí ní àràmọ́wọ́. A máa ń san owó rẹ̀ lọ́dọọdún bí ìgbà tí ènìyàn háyà ṣọ́ọ̀bù ni. Ẹ wo bí ìṣètò rẹ̀ ṣe rí, ẹ ó rí i pé kò ṣàjèjì sí wa. Lókè pátápátá ni àjọ kan wà tó ń jẹ́ ICANN, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1998 ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà. Àjọ tí kì í pín èrè ni, òun ló sì ń ṣe òfin. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn tó ń tọ́jú ìwé ńlá tí a ń kọ orúkọ sí. VeriSign ló ń tọ́jú ti .com, àjọ kan tó ń jẹ́ PIR ló ń tọ́jú ti .org. Lábẹ́ àwọn wọ̀nyí ni àwọn alágbàtà wà, àwọn tó ń ta orúkọ fún èmi àti ìwọ. Bí mo bá fẹ́ orúkọ, alágbàtà ni n ó lọ bá. Alágbàtà á sanwó fún olùtọ́jú ìwé, yóò sì yọ díẹ̀ fún ICANN. Títí di oṣù kẹwàá ọdún 2007, dọ́là 6 ni VeriSign ń gbà lọ́wọ́ alágbàtà lórí orúkọ .com kan fún ọdún kan. Lẹ́yìn náà ó di dọ́là 6 àti sẹ́ǹtì 42. Ti ICANN nígbà náà jẹ́ sẹ́ǹtì 20. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di iye owó wọ̀nyí mú, torí inú wọn ni gbogbo ìjà náà wà.

Wàyí o, òfin kan wà nínú àdéhùn àwọn olùtọ́jú ìwé. Ó ní bí alágbàtà bá kọ orúkọ kan sílẹ̀, tó sì pa á rẹ́ kí ọjọ́ 5 tó pé, wọn yóò dá gbogbo owó rẹ̀ padà fún un. Òfin oore-ọ̀fẹ́ ni, kò sì burú rárá. Oníbàárà lè ṣi orúkọ ara rẹ̀ tẹ̀, kó fi lẹ́tà kan sílẹ̀ tàbí kó fi lẹ́tà kan lé e. Olè lè fi káàdì báǹkì ẹlòmíràn ra orúkọ, kí alágbàtà tó mọ̀ pé owó náà kò ní wọlé. Alágbàtà fúnra rẹ̀ lè fẹ́ dán ẹ̀rọ rẹ̀ wò bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá sí ọjọ́ 5 yìí, alágbàtà ni yóò máa gbé gbogbo òfò náà. Àwọn tó ṣe òfin náà kò ronú kọjá ibẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ta gààrí, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Bí ẹnì kan bá dé ìsọ̀ yín, tó ní òun fẹ́ tọ́ gààrí wò, ṣé ẹ ó lé e? Rárá. Ẹ ó bù ú sí i lọ́wọ́, á jù ú sẹ́nu, bí kò bá kan jù, á rà, bí ó bá kan jù, á kọjá lọ. Bí ọjà ṣe ń lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin kan bá gbé abọ́ àti ṣúgà àti omi tútù wá sọ́jà ńkọ́, tó ń ti ìsọ̀ kan bọ́ sí ìkejì, tó ń tọ́ ọ wò, tó yó, tó sì tún padà wá lọ́la? Kò sí òfin ọjà tó ní kó má tọ́ ọ wò. Síbẹ̀ gbogbo yín ni ẹ mọ̀ pé ohun tó ń ṣe kì í ṣe ìtọ́wò mọ́.

Ohun tí àwọn kan ṣe sí ọjọ́ 5 náà nìyẹn. Wọ́n di alágbàtà fúnra wọn, wọ́n sì fi kọ̀ǹpútà kọ orúkọ sílẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́ẹ̀kan. Púpọ̀ nínú orúkọ náà jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀, tí wọ́n ṣi lẹ́tà kan kọ nínú rẹ̀, kí ẹni tó bá ṣi ọwọ́ tẹ̀ lè já sọ́dọ̀ wọn. Àwọn mìíràn jẹ́ orúkọ tí onílé rẹ̀ gbàgbé láti san owó ọdún. Wọn á fi ìpolówó ọjà kún ibẹ̀, bí ènìyàn bá tẹ ìpolówó kan, sẹ́ǹtì díẹ̀ á wọlé fún wọn. Wọn á wá máa ka owó. Bí ilẹ̀ bá mọ́ ní ọjọ́ karùn-ún, orúkọ tó mówó wọlé dáadáa, wọn á fi sílẹ̀. Èyí tí kò mówó wọlé, wọn á pa á rẹ́, wọn á sì gba dọ́là 6 wọn padà.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pín dọ́là 6 àti sẹ́ǹtì 42 sí ọjọ́ 365. Kò tó sẹ́ǹtì 2 lójúmọ́. Ó túmọ̀ sí pé orúkọ tó bá pa bí i sẹ́ǹtì 9 péré láàrin ọjọ́ 5 ti fi hàn pé òun yóò san owó ara òun. Ẹni tó bá ní dọ́là 600,000 lọ́wọ́ nígbà tí orúkọ ṣì jẹ́ dọ́là 6, ó lè di orúkọ 100,000 mú fún ọjọ́ 5, kó gba owó rẹ̀, kó tún fi di 100,000 mìíràn mú. Ọjọ́ 5 wà nínú ọdún ní ọ̀nà 73. Owó kan náà ló ń yí po o, kò sì dín kọ́bọ̀. Èmi tí mo ń yẹ ìwé owó wò láti ọjọ́ pípẹ́, n kò tíì rí ẹ̀yáwó tó dùn tó èyí, tí kò ní èlé, tí kò ní onídùúró.

Àwọn mìíràn tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn kò fẹ́ san dọ́là 6 rárá, ìbáà ṣe lórí èyí tó ń mówó wọlé. Bí ọjọ́ karùn-ún bá pé, wọn á pa orúkọ náà rẹ́, wọn á sì tún kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn á máa ṣe títí. Wọ́n ń gbé ilé onílé láìsan háyà.

Báwo ni ó ṣe pọ̀ tó? Bob Parsons, tó dá ilé-iṣẹ́ alágbàtà GoDaddy sílẹ̀, kọ ọ́ síta pé nínú orúkọ mílíọ̀nù 35 tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2006, díẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 2 péré ni wọ́n sanwó fún tó sì dúró. Ní oṣù kejì ọdún 2007, ilé-iṣẹ́ kan náà sọ pé ó ti di mílíọ̀nù 55.1 tí wọ́n kọ sílẹ̀, mílíọ̀nù 51.5 nínú rẹ̀ ni wọ́n pa rẹ́ kí ọjọ́ 5 tó pé, mílíọ̀nù 3.6 ló kù. Ẹ wò ó bí ìwé ìdápadà ọjà. Bí mo bá dé ẹgbẹ́ kan tí mo bá irú ìwé bẹ́ẹ̀, n kò ní jókòó kí n tó béèrè ibi tí akápò wà.

N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ẹlòmíràn nìkan. Ní ọdún 2007, kò tíì pẹ́ tí mo gba dípúlómà mi ní Poli, mo ń ṣe akọ̀wé kékeré fún ẹgbẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní kí n lọ wádìí bóyá a lè ní ojúlé tiwa lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo lọ sí káfè, mo ra wákàtí kan, mo tẹ orúkọ ẹgbẹ́ wa pẹ̀lú .com ní ìparí, wọ́n ní ó wà nílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tíì gbà á. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ìṣe wa, owó kì í jáde láìjẹ́ pé ìgbìmọ̀ jókòó. Ní ọjọ́ kẹrin, ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n fọwọ́ sí owó, mo mú un lọ bá ọkùnrin kan tó máa ń bá ènìyàn ra orúkọ. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní orúkọ ti lọ. Mo ṣí i wò fúnra mi. Ìpolówó ẹni tó ń yáni lówó ni mo bá níbẹ̀, àti ti oògùn tí ń mú kí ènìyàn fọn, lábẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ wa!

Mo dá owó padà fún akápò. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní ta ni mo sọ orúkọ náà fún. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e mo tún yẹ̀ ẹ́ wò, orúkọ ti padà sílẹ̀. Kí ìgbìmọ̀ tó tún jókòó, ó tún ti lọ. N kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi títí di òní, nítorí n kò mọ ẹni tó gbà á. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé akọ̀wé kékeré kò fi ọkàn sí iṣẹ́ tí wọ́n rán an, ó sì wà nínú ìwé náà títí dòní. Nígbà tí mo kà á lẹ́yìn ọdún bí i méjì pé irú nǹkan báyìí ń ṣẹlẹ̀ káàkiri ayé, mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú.

Ó dára. Nígbà tí ariwo pọ̀, ìgbìmọ̀ tó ń sọ̀rọ̀ fún àwọn tó kàn ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn bí tiwa yìí, ló kọ́kọ́ ní kí ICANN wádìí ọ̀rọ̀ náà, ní ọdún 2007. Wọ́n gbé e lọ sí ìgbìmọ̀ tó ń jẹ́ GNSO, níbi tí àwọn olùtọ́jú ìwé, àwọn alágbàtà, àwọn oníṣòwò, àwọn tó ń dáàbò bo orúkọ òwò àti àwọn ẹgbẹ́ tí kì í wá èrè ti ń jókòó pọ̀. Ibẹ̀ ni ìjà wà, mo sì fẹ́ kí ẹ fetí sí i dáadáa, torí n ó padà wá sí i.

Àwọn tó ní orúkọ òwò sọ pé kí wọ́n fagi lé ọjọ́ 5 pátápátá. Ẹjọ́ wọn kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Bí ènìyàn bá jí orúkọ wọn lò fún ọjọ́ 5 tó sì jù ú nù, kí agbẹjọ́rò wọn tó kọ lẹ́tà kan, olè ti lọ, ẹlòmíràn sì ti gba orúkọ kan náà. Ní ọdún 2007, ilé-iṣẹ́ Dell tó ń ta kọ̀ǹpútà gbé irú àwọn alágbàtà bẹ́ẹ̀ lọ sílé ẹjọ́ ní Florida. Wọ́n ní ṣíṣi lẹ́tà tẹ̀ kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Kí oníbàárà máa wo ohun tó ń tẹ̀.

Àwọn alágbàtà tó ń ṣe òwò tòótọ́ ní rárá. Wọ́n ní bí ẹ bá fagi lé e, ẹni tó fi káàdì jíjí ra orúkọ kò ní san nǹkan kan, àwa la ó máa san dọ́là 6 lórí orúkọ olè. Bí màmá arúgbó kan bá ṣi orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tẹ̀, àwa ni a ó sọ fún un pé owó rẹ̀ ti wọgbó. Àwọn atọ́wò náà sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn kò rú òfin kankan, orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò ní ni àwọn ń mú, àti pé kí oníṣòwò dán ọjà wò kó tó rà á kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. N kò fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé wọn kò rú òfin. Òfin ló fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu.

Bí wọ́n ṣe ń jà lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ náà tún gbọ̀nà mìíràn yọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2008, ó hàn sí gbangba pé Network Solutions, ọ̀kan nínú àwọn alágbàtà àtijọ́ ní Amẹ́ríkà, máa ń kọ orúkọ tí ènìyàn bá yẹ̀ wò lọ́dọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní orúkọ ara rẹ̀ fún ọjọ́ 4. Bí onítọ̀hún bá fẹ́ rà á, ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan ló ti lè rà á ní ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ilé-iṣẹ́ náà ní ààbò ni àwọn ń ṣe fún oníbàárà, kí atọ́wò má baà já orúkọ náà gbà lójú rẹ̀. Inú bí ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n sì lọ sílé ẹjọ́. Nígbà tí mo ka èyí, mo rántí káfè mi.

Báwo ni wọ́n ṣe parí rẹ̀? Ohun kékeré ló kọ́kọ́ la ojú wọn. PIR, tó ń tọ́jú .org, kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 2007 ó ní alágbàtà tó bá pa ju ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn orúkọ tó kọ sílẹ̀ rẹ́ yóò san sẹ́ǹtì 5 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan orúkọ tó pa rẹ́. Sẹ́ǹtì 5 péré! Àwọn atọ́wò sá kúrò nínú .org bí ẹni pé iná jó wọn. Ẹ ò rí nǹkan. Gbogbo òwò náà dúró lórí pé kò náni ní nǹkan kan, bí ó bá ti náni ní sẹ́ǹtì 5, kò lérè mọ́. Google náà, tí í ṣe ọ̀kan nínú àwọn tó ń sanwó ìpolówó wọ̀nyẹn, sọ ní oṣù kìíní ọdún 2008 pé òun kò ní sanwó lórí orúkọ tí kò tíì ju ọjọ́ 5 lọ mọ́.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2008, ìgbìmọ̀ GNSO fẹnu kò, nígbà tó sì di oṣù kẹfà, àwọn olùdarí ICANN fọwọ́ sí i níbi ìpàdé wọn ní Paris. Wọn kò fagi lé ọjọ́ 5. Wọ́n fi ààlà sí i. Alágbàtà kọ̀ọ̀kan lè pa orúkọ rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lóṣù kan títí dé ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún orúkọ tuntun tó dúró sí i lọ́wọ́ lóṣù náà, tàbí orúkọ 50, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì. Èyí tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, owó rẹ̀ kò ní padà. Ẹ fojú sí i pé kì í ṣe ìdá 10 gbogbo ohun tó kó. Ìdá 10 ohun tó dúró ni. Bí alágbàtà bá kọ 1,000 sílẹ̀, tó pa 100 rẹ́, 900 ló dúró, ìdá 10 rẹ̀ jẹ́ 90. Òun ni yóò gbé owó 10 tó kù. Atọ́wò tó kọ 100,000 sílẹ̀ tí 2,000 péré sì dúró, 200 ni ọ̀fẹ́ rẹ̀, á sì san gbogbo owó lórí 97,800. Wọ́n tún fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí nǹkan àìròtẹ́lẹ̀ bá bá, pé kó kọ̀wé, kó ṣàlàyé.

Láti oṣù keje ọdún 2008, ICANN bẹ̀rẹ̀ sí gba sẹ́ǹtì 20 tirẹ̀ lórí èyí tó bá kọjá ààlà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2009, òfin náà múlẹ̀ ní kíkún. Ìwé tí ICANN gbé jáde lọ́dún náà sọ pé láàrin oṣù kẹfà ọdún 2008 sí oṣù kẹrin ọdún 2009, iye orúkọ tí wọ́n ń pa rẹ́ láàrin ọjọ́ 5 dín kù ní ìdá 99.7 nínú ọgọ́rùn-ún. Òfin náà ṣì wà títí di òní, àwọn ọjọ́ 5 náà sì ṣì wà fún ẹni tó bá ṣi lẹ́tà tẹ̀.

Ẹ̀sùn kan ni mo ní sí wọn. Ó pẹ́ jù. Àwọn kan tí owó náà ń wọlé fún wà lára àwọn tó jókòó ṣe ìpàdé, ìpàdé sì ń bí ìpàdé. Ẹ má jẹ́ kí a fìwà jọ wọ́n níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wálé. Òfin ọjọ́ méje wa ní ọmọ ẹgbẹ́ tó bá gba ọjà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ lè dá a padà kí ọjọ́ méje tó pé, kí a sì pa gbèsè náà rẹ́ láìgba nǹkan kan. Gbogbo wa la mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Mo yẹ ìwé ẹgbẹ́ kan wò, mo bá ọmọ ẹgbẹ́ kan tó gba àga rọ́bà 100 àti jẹnẹrétọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, tó dá gbogbo rẹ̀ padà ní ọjọ́ Ajé. Mo ní kí wọ́n mú mi lọ wo àga náà ní sítóò. Epo ọbẹ̀ wà lára rẹ̀. Mo béèrè, wọ́n ní Sátidé ló sin bàbá rẹ̀. Ìgbà kẹta rẹ̀ lọ́dún náà nìyẹn, a kì í sì í sin bàbá lẹ́ẹ̀mẹta. Àwa la san owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀.

Ṣùgbọ́n mo yẹ ìwé ẹgbẹ́ mìíràn wò ní ìgbèríko, mo bá ìyá kan tó gba màṣíìnì ìránṣọ. Ó gbé e délé, ó rí i pé oníná ni, iná kò sì sí ládùúgbò rẹ̀. Ó dá a padà ní ọjọ́ kẹta, ó gba ẹlẹ́sẹ̀. Òun ló ń fi rán aṣọ tó fi ń tọ́ ọmọ rẹ̀ nílé ìwé báyìí. Bí kò bá sí òfin ọjọ́ méje, ìyá náà ì bá máa san owó màṣíìnì tí kò lè lò fún oṣù 18. Àbá tó wà nílẹ̀ yìí, bí a bá fọwọ́ sí i bó ṣe wà, ìyá yẹn ló máa kọ́kọ́ bá. Ẹni tó ń fi àga wa ṣe òkú yóò wá ọgbọ́n mìíràn. Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí a fi rọ́pò àbá náà rèé. Kí ọjọ́ méje dúró. Kí a má fi ààlà sí orí ọmọ ẹgbẹ́, torí ẹni tó gba ẹyọ kan ṣoṣo kò ní ìdá 10 tó máa dá padà. Orí ẹgbẹ́ ni kí a fi í sí, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe fi í sórí alágbàtà. Ẹgbẹ́ ló ń kó ọjà lọ́wọ́ àjọ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá dá ọjà padà lọ́dún kan ju ìdá 10 ohun tó dúró sí i lọ́wọ́, tàbí ju ẹyọ 5, èyí tó bá pọ̀ jù, kó san owó ọkọ̀ àti owó sítóò lórí èyí tó lé. Ẹgbẹ́ tó kó 100 tó dá 20 padà, 80 ló dúró, 8 ni ọ̀fẹ́ rẹ̀, á san lórí 12. Ẹgbẹ́ kékeré tó kó 12 tó dá 3 padà kò ní san nǹkan kan, ẹyọ 5 yẹn ló dáàbò bò ó. Ọjà tó bá ti bàjẹ́ láti ilé-iṣẹ́ kò sí lára ìṣirò. Ẹ ó rí i pé kò ní pẹ́ tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn yóò máa béèrè lọ́wọ́ alága àga rọ́bà pé bàbá wo ló tún kù.

Àwọn kan yóò ní ìdá 10 ti pọ̀ jù. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé wa ni kí a fi mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí a lò ó fún ọdún kan, kí n mú ìwé ìdápadà wá síwájú yín, kí ẹ dín in kù bí ẹ bá fẹ́. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí a tún jókòó lórí rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta.

Fún ẹ̀yin akọ̀wé tí ẹ fẹ́ gba orúkọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹgbẹ́ yín, ohun kan ni mo fi kún un. Ẹ jẹ́ kí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí owó kí ẹ tó lọ yẹ orúkọ wò, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní orúkọ ẹgbẹ́, kì í ṣe ní orúkọ ọmọ tó bá yín ṣe é. Kí akápò sì kọ ọjọ́ tí owó ọdún yóò tán sínú ìwé owó gan-an, torí ẹni tó ń ṣọ́ orúkọ tí onílé gbàgbé kò tíì tán láyé.

Ìwé ìdápadà ọjà ẹgbẹ́ méjèèjì tí mo mẹ́nu kàn wà lórí tábìlì níwájú Alága. Mo ti fi bébà bo orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó dìbò, kó wá.